Ilé Kì í Parí ní Ọjọ́ Ìṣílé



Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kò sí ẹni tí ó jáde ní òwúrọ̀, ìbáà ṣe sí oko, ìbáà ṣe sí ọjà tàbí sí ọ́fíìsì, tí kì í ronú ibi tí yóò fi orí lé ní alẹ́. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé láàárín àwa ará Ìjẹ̀bú, ilé kíkọ́ sí ìlú ẹni jẹ́ ohun iyì. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, bí ó ti wù kí nǹkan rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi ní òrùlé tirẹ̀ ní Odògbolú. Ìjọ Mímọ́ kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìfẹ́ yìí. Nígbà tí Póòpù Leo Kẹtàlá kọ̀wé sí gbogbo Ìjọ lórí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1891, ó kọ́ni pé ó tọ́ kí owó iṣẹ́ ènìyàn tó láti bọ́ aya àti ọmọ rẹ̀, kí ó sì lè fi díẹ̀ pamọ́ títí yóò fi ní ohun ìní tí yóò fi sílẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà wo ni ilé parí? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé ọjọ́ ìṣílé ni, nígbà tí àlùfáà bá ti wọ́n omi mímọ́ sí yàrá gbogbo, tí a ti jẹ, tí a ti mu, tí onílù sì ti ki onílé tán. Ìdáhùn yìí ni ó ń ba ilé wa jẹ́. Ilé tí a kò tọ́jú yóò wó. Ilé tí a fi gbèsè kọ́ lè di ti ẹlòmíràn. Ilé tí kò ní ìwé lè sọ ọmọ ìyá kan náà di ọ̀tá ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a gbà láàárín ara wa pé iṣẹ́ ilé kò tíì parí títí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ yóò fi lè sùn láìfòyà, nígbà ayé wa àti lẹ́yìn ikú wa.

KÍ A TÓ FI ÌPÌLẸ̀ LÉLẸ̀

Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ láìṣírò owó rẹ̀, tí kò sì lè parí rẹ̀, tí àwọn tí ń kọjá lọ wá ń fi í ṣe ẹlẹ́yà (Lúùkù 14:28-30). A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká yàrá méjì, tí ó fi ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́jọ lélẹ̀ nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ kọ́ mẹ́jọ, òjò àti koríko ni ó ń kọ́lé fún. Ohun tí ó sàn ni kí ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ilé ya gbogbo rẹ̀ sí orí ìwé, kí ẹ sì kọ́ yàrá méjì àkọ́kọ́, kí ẹ kan páànù lé e, kí ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìyókù kún un bí Ọlọ́run bá ti ń pèsè. Ẹ má ṣe ra sìmẹ́ńtì jọ sílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀rinrin ilẹ̀ yóò sọ ọ́ di òkúta nínú àpò.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má ṣe sanwó ilẹ̀ ẹbí fún ẹnì kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó. Àṣà wa àti ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí èyí: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan, àwọn wọ̀nyí lè mú kí ilé-ẹjọ́ wọ́gi lé e. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé. Kí sọ́fèyọ̀ tí ìjọba mọ̀ wọn ilẹ̀ náà, kí lọ́yà sì yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ìjọba, bóyá a ti tà á rí, tàbí bóyá ìjọba ti gbà á.

Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, Gómìnà ni ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú nítorí àwọn ará ìlú, lọ́dọ̀ ìjọba sì ni a ti ń gba ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní C of O. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ tí ó ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ níláti gba ìyọ̀ǹda Gómìnà kí ó tó di tiyín ní òtítọ́. Bí àwọn ajagungbalẹ̀ bá sì wá dẹ́rù bà yín, ẹ má ṣe dá tiyín wá lọ pè. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin ní ọdún 2016 tí ó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n.

IBI TÍ OWÓ YÓÒ TI WÁ

Láyé àwọn baba wa, amọ̀ àti agbára ni a fi ń kọ́lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé yóò bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ará, àna àti ọ̀rẹ́ yóò sì gbára jọ pọn omi, po amọ̀, mọ ògiri. Lónìí, sìmẹ́ńtì, irin àti páànù ń fẹ́ owó, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ọ̀wẹ̀ kò tíì kú. Òun náà ni ó wà nínú èésú àti nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù. Láti ọdún 1935 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìjọba lè máa yẹ ìwé wọn wò. Àwa Kátólíìkì pẹ̀lú ní ìtàn nínú rẹ̀. Ní Jirapa, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, àlùfáà kan tí ń jẹ́ John McNulty kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ jọ ní ọdún 1955, ó sì kọ́ wọn láti máa fi owó kékeré pamọ́ papọ̀ àti láti máa yá ara wọn. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, síbẹ̀ láti ibẹ̀ ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo Gánà.

Ẹ fi èyí wé owó èlé sogúndogójì. Bí ènìyàn bá yá ₦1,000,000 lọ́wọ́ olówó èlé tí ń gba náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún ní oṣooṣù, ₦50,000 ni èlé oṣù kan. Nígbà tí ọdún bá fi yípo, ó ti san ₦600,000, gbogbo mílíọ̀nù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń gba náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún ni ó ti yá a, ₦120,000 ni èlé ọdún kan ìbá jẹ́, èyí tí ó bá sì san nínú gbèsè gan-an yóò máa dín in kù.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù pẹ̀lú ní ọ̀nà mìíràn. Òfin ọdún 1992 dá owó ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, lábẹ́ àbójútó Federal Mortgage Bank of Nigeria. Náírà méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni a ń yọ sí i. Ẹni tí a bá ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó béèrè ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì wádìí bí òun yóò ti fi yáwó kọ́lé. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí a lè yá tí ó dára tó láti fi ṣe àríyá. Ẹ má ṣe fi ìwé ilé dógò nítorí owó òkú tàbí owó aṣọ ẹbí. A ó jẹ oúnjẹ náà tán ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ni yóò sì san gbèsè náà fún ọdún púpọ̀.

ÌTỌ́JÚ ILÉ JẸ́ Ọ̀RÀN Ẹ̀RÍ-ỌKÀN

Nínú òfin tí Mósè fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, a pa á láṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó ṣe odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà ṣubú láti ibẹ̀, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí ilé rẹ̀ (Deuteronomi 22:8). Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ka ilé tí kò láàbò sí ẹ̀ṣẹ̀ onílé. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì wà lára àwọn tí ó kú. Ilé kì í dédé wó. Ó ti máa ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ kí ó tó wó.

Nítorí náà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kí onílé pe káfíńtà gun òrùlé. Ìṣó kan tí rọ́bà rẹ̀ ti bọ́ yóò jò sí orí igi àjà, igi náà yóò jẹrà, ikán yóò sì gorí rẹ̀. Rírọ́pò ìṣó kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kíkan òrùlé titun lè kó owó ilé-ìwé ọmọ lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri: bí omi òjò bá ti ń wọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ tí ìpìlẹ̀ sì ń hàn síta, ẹ ṣe ojú omi, kí ẹ sì fi kọ́ńkéré yí ẹsẹ̀ ilé ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí a fi amọ̀ mọ, tí a sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, ẹ má ṣe fojú kéré ibi tí ó bá là. Omi yóò gba ibẹ̀ wọlé, amọ̀ inú yóò sì máa yọ́ nígbà tí ojú ògiri ṣì ń dán. Bí ìlà náà bá gba ìka, tàbí bí ó bá ń gbòòrò sí i, ẹ pe ẹnjiníà, kí ẹ má ṣe pe akunlé.

Ẹ jẹ́ kí ṣaláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kí kànga sì ní ìdérí. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ amúnáwá sí inú yàrá, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí sí abẹ́ fèrèsé láéláé. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé yín pa nítorí pé ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ fi ọmọlẹ́bí kan sí i, kí ó máa ṣí fèrèsé, kí ó máa gbá ilẹ̀, kí ó sì tètè rí ibi tí ó bá ń jò.

ÌWÉ ÀTI OGÚN

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́yà ilẹ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Bàbá kan kú ní Èkó láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Kí a ha pín ohun ìní rẹ̀ ní orí-ò-jorí, kí ó di ọ̀nà mẹ́sàn-án, tàbí ní ìdí-igi, kí ó di ọ̀nà mẹ́rin? Wọ́n gbé e láti ilé-ẹjọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí a ti parí rẹ̀ ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà. Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá nìkan, bí ó bá ti wà ní ìwé, ìbá ti parí gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó kan ṣoṣo ni Kátólíìkì ń fẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a má kọ̀wé. Nínú àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ilé ọkọ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ni ó fi èrè ọjà ra búlọ́ọ̀kù, tí ó gbé oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà, tí ó fi owó èésú ra páànù, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé kankan? Ẹ̀yin ọkọ, ìfẹ́ tí ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní iwájú pẹpẹ ń béèrè pé kí orúkọ aya yín wà lórí ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì pẹ̀lú tiyín. Kí ẹ sì ṣe ìwé ìhágún lọ́dọ̀ lọ́yà, ní ojú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́rìí tí a bá fún ní nǹkan lè pàdánù rẹ̀. Ẹ rántí pé ilé ẹbí kò ṣe é há fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó jẹ́ tiyín nìkan ni ẹ lè há. Ìwé ìhágún kì í pe ikú. Ìjà ni ó ń lé jìnnà.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Kí olúkúlùkù ìdílé jókòó papọ̀ lẹ́yìn àdúrà alẹ́, kí wọ́n sì bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Nígbà wo ni a gun òrùlé wa wò gbẹ̀yìn, kí ni ògiri wa sì ń sọ fún wa?
2. Gbèsè wo ni ó wà lórí ilé yìí, ta ni yóò sì san án bí bàbá tàbí ìyá bá kú lónìí?
3. Níbo ni ìwé ilé wà, orúkọ ta ni ó wà lórí rẹ̀?

Bí ìdáhùn kan bá mú ìtìjú wá, ẹ má ṣe bínú sí ara yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní ọjọ́ Ajé. Kí Jósẹ́fù Mímọ́, káfíńtà Násárẹ́tì, ẹni tí ó ṣọ́ ilé tí Olúwa wa ti dàgbà, bá wa tọrọ oore-ọ̀fẹ́ láti ṣọ́ ilé tiwa. Àmín.