Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ìtọ́jú Ẹja Wúrà Tí Ń Ṣàìsàn Nínú Àpótí Gíláàsì

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ẹ̀dá kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí nínú gíláàsì ní pálọ̀, ní ọ́fíìsì tàbí ní ilé ìtura. Òun ni ẹja tí Òyìnbó ń pè ní goldfish, tí àwa yóò máa pè ní ẹja wúrà. Ìbéèrè tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń sìn ín ni pé: "Ẹja mi kò jẹun mọ́, oògùn wo ni kí n rà?" Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ má tí ì wá oògùn. Ẹ kọ́kọ́ wo omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni ó ti kọ́kọ́ ṣàìsàn kí ẹja tó ṣàìsàn.

KÍ NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ?

Bí omi ibì kan bá bàjẹ́ nínú odò, ẹja yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ibòmíràn. Èyí tí a fi sínú gíláàsì kò ní ibi tí yóò sá sí. Ohun tí a bá fún un ni yóò jẹ, omi tí a bá bù fún un ni yóò sì máa mí nínú rẹ̀. Àgbàfipamọ́ ni ó jẹ́ lọ́wọ́ wa. A kò ní ṣàì rántí obìnrin tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nípa rẹ̀, ẹni tí ó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò jẹ, tí ó sì torí èyí wọ iná. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe níní ológbò ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe títì tí ó tì í mọ́lé láìtọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sé ẹja mọ́ inú gíláàsì, ó di dandan kí ó mọ ohun tí ẹja náà nílò.

IRÚ ẸJA WO NI?

Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ sin ẹja yìí, ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, láti ara ẹja odò kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò dán rárá. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Japan, ó sì dé ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún 1600 sí 1700. Ó lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, irú rẹ̀ tí ara rẹ̀ gùn sì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ẹ̀yin náà wá rí i pé abọ́ gíláàsì róbótó tí kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ kì í ṣe ilé fún un. Àpótí tí ó gba lítà 75 omi ni ó yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹja kékeré kan tàbí méjì, kí á sì máa fi kún un bí wọ́n ti ń dàgbà.

Omi tí ó tutù díẹ̀ ni ara ẹja wúrà fẹ́, láti nǹkan bí 18 dé 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ilẹ̀ wa, omi inú ilé lè dé 28 tàbí 30 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí omi bá ti ń gbóná ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dínkù. Lítà omi kan tí ó wà ní ìwọ̀n 20 lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Èyí tí ó wà ní 30 kò lè gbà ju nǹkan bí 7½ lọ. Ẹja àrọ̀ tí a ń sìn lọ́gbà lè yọrí sókè kí ó mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ẹja wúrà kò ní irú ẹ̀bùn yẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi fi ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa ju lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ilẹ̀ òtútù lọ.

BÍ OMI ṢE Ń ṢÀÌSÀN

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí a dá dúró sínú gíláàsì lè di ọ̀tá ẹja. Ẹja ń tú ìdọ̀tí ara rẹ̀ jáde nípa mímí àti nípa ìgbẹ́, oúnjẹ tí kò jẹ tán náà sì ń rà nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń di ammonia, májèlé tí ń jó ẹja níbi tí ó fi ń mí.

Ọlọ́hun dá àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń sọ ammonia di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a sì lè máa fi omi pípààrọ̀ dín kù. Inú kànìnkànìn ẹ̀rọ asẹ́mi ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tí ó ra àpótí lónìí, tí ó kó ẹja mẹ́fà sí i lọ́la, tí gbogbo wọn sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má wá àjẹ́ kiri. Ammonia ni.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ẹ Ó MÁA WÒ

1. Bí ẹja bá ń la ẹnu gbàù-gbàù lókè omi, afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí kí májèlé ti mú un.

2. Bí ó bá pa lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra, tí ó jókòó sísàlẹ̀, tí kò sì sáré wá síbi oúnjẹ, ara rẹ̀ kò yá.

3. Bí ìlà pupa bá yọ lára lẹbẹ, tàbí tí etí lẹbẹ ń jẹrà, ẹ fura sí omi ìdọ̀tí.

4. Bí nǹkan funfun tín-ín-tìn-ìn bí hóró iyọ̀ bá bo ara àti lẹbẹ, tí ẹja sì ń fi ara ha òkúta, kòkòrò kan tí ń jẹ́ ich ni ó wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Bí akọ ẹja bá tó gùn, hóró funfun máa ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti etí lẹbẹ iwájú. Àmì pé ó ti dàgbà nìyẹn, kì í ṣe àìsàn.

5. Bí ó bá ń léfòó ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ó dojú ikùn sókè, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kò ṣe dáadáa. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí a sìn kí ara wọn lè kúrú kí ó sì rí róbótó.

6. Bí ikùn bá wú, tí ìpẹ́ gbogbo ara sì dìde bí ìyẹ́ àgbébọ̀ tí ń bínú, ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Èyí ni ó le jù nínú gbogbo wọn.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Àkọ́kọ́: Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ebi ọjọ́ méjì kò ní pa ẹja wúrà tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń rà lè pa á.

Ẹ̀kejì: Bí ẹ bá rí ohun èlò tí a fi ń wọn omi rà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ammonia àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Kí nitrate má ju 40 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan.

Ẹ̀kẹta: Ẹ yọ ìdajì omi, kí ẹ sì fi omi tuntun tí ìgbóná rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu rọ́pò rẹ̀. Bí àìsàn bá wà, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ara yóò fi yá. Nígbà àlàáfíà, ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní chlorine nínú. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú báàfù tí a kò dé fún wákàtí 24, tàbí kí ẹ lo oògùn tí ń pa chlorine. Omi kànga àti ti bọ́hòlù kì í sábà ní chlorine, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè kéré, nítorí náà ẹ bù ú sókè bù ú sílẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ fi afẹ́fẹ́ kún omi. Bí iná bá lọ, ẹ máa fi ife bu omi inú àpótí, kí ẹ máa dà á padà láti òkè díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe ni, ó sì ti gba ẹ̀mí ẹja púpọ̀ là.

Ẹ̀karùn-ún: Iyọ̀ ni oògùn tí ó rọrùn jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 1 fún lítà omi kan, kí ẹ sì fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì títí yóò fi di gíráàmù 3. Fún báàfù lítà 20, ó di gíráàmù 20 ní ìbẹ̀rẹ̀, àti 60 lápapọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi lọ́tọ̀. Iyọ̀ kì í bá oòrùn lọ. Nítorí náà, ìwọ̀n omi tí ẹ bá pààrọ̀ nìkan ni ẹ ó fi iyọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ich ni, gbogbo àpótí ni ẹ ó tọ́jú, nítorí kòkòrò náà ti wà nínú omi. Iyọ̀ kò lè pa á nígbà tí ó wà lábẹ́ awọ ẹja, àfi ìgbà tí ó bá já bọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń wá ẹja mìíràn. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi forí tì í fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, bí hóró funfun tilẹ̀ ti lọ tán.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe da oògùn ènìyàn, irú bíi tẹtirasáílìnì, sínú omi. Yóò pa àwọn kòkòrò rere inú asẹ́, ammonia yóò sì gbéra sọ. Ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ fọ kànìnkànìn asẹ́. Omi tí ẹ bù láti inú àpótí ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe kó gbogbo omi dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ yín bá ní egbò, ẹ má kì í bọ omi àpótí, kí ẹ sì fọwọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí àìsàn ara ẹja kan wà tí ń ran awọ ènìyàn. Bí ẹja bá sú yín, ẹ má ṣe dà á sódò. Ó lè bí síbẹ̀ kí ó sì ba ti àwọn ẹja odò jẹ́. Ẹ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

ÌPARÍ

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹja mìíràn yóò kú lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú, pàápàá èyí tí ìpẹ́ rẹ̀ ti dìde. Ẹni tí ó ṣe ohun tó yẹ ti jíṣẹ́. Àmọ́ kí a má ṣe sọ ẹja tó ṣì wà láàyè sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó máa japoró, tàbí kí a dà á sí ilé ìgbẹ́. Ẹ̀mí kékeré náà ẹ̀mí ni. Ẹ máa tọ́jú omi, omi yóò sì máa tọ́jú ẹja. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ yìí ṣe wá ní àǹfààní.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ẹja fi máa ń tètè kú nínú àpótí tuntun?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ hóró funfun àìsàn yàtọ̀ sí ti akọ ẹja tó ti dàgbà?
3. Bí àpótí yín bá gba lítà 80, gíráàmù iyọ̀ mélòó ni ẹ ó lò lápapọ̀?
4. Kí ni ẹ ó ṣe bí iná bá lọ láàárín òru?