Ibi Tí Omi Dé Lọ́jọ́ Náà

Ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní Ìbàdàn wa yìí, ará ẹ̀yìn tún ti jìn sí kòtò kan náà, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá. Odò Ògùnpa kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó ya wọ ilé onílé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Òkú tí wọ́n rí kó jọ lé ní 100. Odò náà kò sì ṣàìkìlọ̀ o. Ó kún ní 1960, ó kún ní 1963, ó tún kún ní 1978. Gbogbo ìgbà náà la sunkún, tá a gbàdúrà, tá a sì padà sétí odò lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé.

Wọ́n wá la ojú Ògùnpa, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún dé. Ó wó afárá, ó wọ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún pa èèyàn tó lé ní 100.

Mi ò bú àgbà. Àwọn ló tọ́ wa, ìgbàgbọ́ wọn sì jinlẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí ìran tó kúrò ní Íjíbítì, tí Bíbélì àti al-Kùránì jọ sọ ìtàn wọn. Ojú wọn ni òkun ṣe pín sí méjì. Kò ṣòro fún wọn láti sọ pé Ọlọ́run ń bẹ. Ìgbà tó ní kí wọ́n gbéra, kí wọ́n wọ ilẹ̀ tó ṣèlérí fún wọn, ni ẹsẹ̀ wọn wúwo. Àwọn méjì péré nínú wọn ló ní ká lọ. Ogójì ọdún ni àwọn yòókù fi rìn kiri nínú aginjù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Mo ti rí ilé etí odò tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára, tí onílé ń sọ pé, “Ọlọ́run ò ní jẹ́.” Mo ṣe àmín, torí mo fẹ́ kó yè. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tá à ń pè yìí náà ló la ọ̀nà fún odò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bódìjà, Dùgbẹ̀ àti Challenge, bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má da ìdọ̀tí sínú àgbàrá bí ẹ ṣe rí i tí àwa ń ṣe. Àgbàrá kì í gbé e lọ jìnnà. Ẹnu afárá ló ń dì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ má lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ lọ nígbà òjò. Ẹ wá ìyá àgbà tó ti pẹ́ ládùúgbò náà, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ bi wọ́n pé ibo ni omi dé lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá nawọ́ sí ara ògiri, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.