Ẹ̀rín Nínú Oko

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àṣìṣe tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹbí bá jọ ń ṣiṣẹ́ oko.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ irú ọmọ yìí. A bu irúgbìn àgbàdo fún un, a ní kí ó máa fi hóró méjì-méjì sí ihò. Nígbà tí oòrùn mú, ó da gbogbo èyí tí ó kù sínú ihò kan ṣoṣo, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sáré wá wí pé, "Màámi, ó ti tán." A yìn ín, a fún un ní iṣu sísun. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ilẹ̀ tú àṣírí: àgbàdo hù ṣùù lójú kan bí irun orí, ibi tí ó kù ṣófo!

Kí ni kí ìyá ṣe?

1. Ẹ jẹ́ kí a rẹ́rìn-ín. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, ọ̀ràn náà ní àtúnṣe. Kí a bá a wí, kí a sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin òmíràn.

2. Kí a má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ tí a ń ròyìn àṣìṣe rẹ̀ fún gbogbo àlejò yóò kọ́ láti máa fi nǹkan pamọ́. Bí àdá bá ṣá a lẹ́sẹ̀ lọ́la, yóò bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, yóò dákẹ́. Inú iyẹ̀pẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì wà, àrùn tí í mú ara gan, tí ó sì ń pani. Ọmọ tí kò bẹ̀rù ẹ̀sín yóò sáré wá sílé, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí a sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́.

3. Kí a mọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín. Oògùn apakòkòrò tí a rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà rárá.

4. Bí àwa àgbà bá ro ewédú mọ́ koríko, tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, kí a bá wọn rín in.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Nínú ilé rẹ, ta ni ọmọ ń kọ́kọ́ sọ fún bí ó bá ṣe àṣìṣe? Kí ni ó fà á?