Àlejò Tó Gbé Kámẹ́rà Wọ Ilé Àwòrán

Àwọn àgbà ló sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bí òwe náà sì ti wúlò tó láyé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ìlú kejì tàbí ààfin ọba aládùúgbò ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dé, ó tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ lóde òní, tí ọmọ Yorùbá ń wọ bàálù ní Èkó Àkéte lálẹ́, tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bá a ní Paris tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá gbé fóònù wọ ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán sí, tó ń ya fọ́tò wàràwàrà bí ẹni tí ń kó aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò ṣú, tó sì jáde láì rí ohunkóhun.

Èmi tí mo ń kọ èyí, n kò yọ ara mi sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, fọ́tò tí mo yà ní ọjọ́ kan ṣoṣo lé ní 300, mo sì gbé wọn bọ̀ wá sílé tayọ̀tayọ̀ bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n. Ìyá mi àgbà gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù, wọ́n ní, "Ta nìyí, ọmọ mi?" N kò mọ̀. Wọ́n wo arúgbó kan tó di ìwé mú. "Èyí ńkọ́?" N kò mọ ìyẹn náà. Wọ́n rọra dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n lọ jẹun, nítorí pé ẹni tó rin ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì pàdé ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, ebi ní láti máa pa á.

Ẹ wo ààfin Louvre ní Paris, níbi tí àwọn ọba Faransé ti gbé rí kó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀ ni Mona Lisa wà, àwòrán tí Leonardo da Vinci yà sórí pákó, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 77, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 53, tí wọ́n sì fi gíláàsì bò; iwájú rẹ̀ ni èrò ń pé sí bí ìgbà tí eégún àgbà bá jáde, tí gbogbo ọwọ́ nà sókè, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí obìnrin náà kí ojú tiwọn lè wà nínú fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, lára ògiri tó dojú kọ ọ́ ni àsè ìgbéyàwó Kánà tí Veronese yà wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ mítà 10, tó tóbi ju gbogbo àwòrán yòókù nínú ilé náà lọ, tó kún fún olórin, agbọ́tí, ajá àti ológbò. Ogunlọ́gọ̀ kò sì yíjú sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni baba wa wí. Wọn kò sọ pé inú fóònù ni.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ o. Linda Henkel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Fairfield University ní Amẹ́ríkà, mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ká, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àwọn nǹkan kan, kí wọ́n sì fi ojú lásán wo àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n yà lódindi ni wọn kò rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fa kámẹ́rà mọ́ ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀, wọn kò gbàgbé é. 2014 ni ìwádìí náà jáde, àwa sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, èèwọ̀ ilé àwòrán kan kì í sì í ṣe ti èkejì. Ní Louvre àti ní Rijksmuseum ti Amsterdam, wọn kò kọ fọ́tò fún ẹni tí kò tan iná fláàṣì. Ní Prado ti Madrid, níbi tí Las Meninas ti Velázquez wà, ẹ kò gbọdọ̀ ya ẹyọ kan. Ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀ ni Reina Sofía wà, níbi tí èèwọ̀ orí Guernica ti Picasso ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní 2023. Ti Sistine Chapel ní Vatican ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan láti Japan, Nippon, ló san owó tí wọ́n fi fọ èéfín àti ìdọ̀tí kúrò lára iṣẹ́ Michelangelo láàárín 1980 sí 1994, àwọn nìkan ni wọ́n sì fún láṣẹ fọ́tò rẹ̀ fún sáà kan, sáà náà ti kọjá tipẹ́, èèwọ̀ kò bá a lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà, bí kò bá yé yín, ẹ bi ẹ̀ṣọ́. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Iná fláàṣì ni ẹ̀ṣọ́ kórìíra jù. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ mọ̀ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ìmọ́lẹ̀ a máa pa àwọ̀, ìdí nìyẹn tí yàrá tí wọ́n kó àwòrán orí bébà sí fi máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè ba nǹkan jẹ́, n kò ní bá a jiyàn pẹ́: fọ́tò tirẹ̀ ni fláàṣì yóò kọ́kọ́ bà jẹ́, nítorí pé yóò ta padà lára gíláàsì, àmì funfun kan yóò sì jókòó sí agbárí ọba tó fẹ́ yà. Ẹ wọ aṣọ dúdú, nítorí funfun a máa yọ nínú gíláàsì. Bí fèrèsé bá ń dán lára àwòrán, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ gbé fóònù dúró ṣánṣán kí férémù má baà wọ́. Lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ ya pátákó kékeré tí orúkọ ayàwòrán wà. Òun ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi àgbà. Ẹ má sì fi ẹ̀yìn rìn. Ní oṣù kẹfà 2025, ní Uffizi ti Florence, àlejò kan ń fara wé bí ọmọ ọba Ferdinando de' Medici ṣe dúró nínú àwòrán kí wọ́n lè ya òun náà bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó kọsẹ̀, àwòrán sì ya.

Nígbà tí mo dé New York lẹ́yìn náà, iwájú ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo ni mo ti lo àkókò jù ní Museum of Modern Art. The Jungle ni, tí Wifredo Lam yà ní Kúbà ní 1943, tí gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 2 lọ. Ará Ṣáínà ni baba Lam, ṣùgbọ́n ìyá-ìsàmì rẹ̀, Mantonica Wilson, olórìṣà ni, ó ń sin Ṣàngó Olúkòso, ọkọ Ọya, nínú ìsìn Lùkùmí tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé erékùṣù náà. Fún ọdún púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí èrò ń kó ẹ̀wù òtútù pamọ́ sí ni wọ́n gbé àwòrán yìí kọ́: ọmọ ọba tí a fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí n má tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró tó ìdajì wákàtí láì fọwọ́ kan fóònù. Àwọn ẹ̀dá gígùn tí ojú wọn dà bí ojú ère ló dúró láàárín ìrèké, ẹsẹ̀ wọn tóbi rẹpẹtẹ, ọ̀kan sì na àlùmọ́gàjí sókè. Fọ́tò mẹ́ta ni mo yà: pátákó orúkọ, ọwọ́ tó di àlùmọ́gàjí mú, àti ẹsẹ̀. Mo fi wọ́n ṣe ìrántí ni, kì í ṣe láti tẹ̀ sára aṣọ tà, nítorí 1982 ni Lam kú, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ayàwòrán a sì máa wà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Mo délé, ìyá mi àgbà na ọwọ́. Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà pẹ́, wọ́n ní, "Ta ló yà á?" Mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ ti Mantonica, mo sọ ti Ṣàngó, mo sọ ti ìrèké.

"Ẹsẹ̀ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn nínú oko olóko nìyí," ni wọ́n wí.

Wọ́n gbé oúnjẹ dé, wọn kò tíì dá fóònù náà padà fún mi.