Ìpayà Tí Ó Bá Ènìyàn Délé: Bí Oníṣègùn Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Wo Ọkàn Sàn

Bí ènìyàn bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tí egungun rẹ̀ sì kán, gbogbo ará ilé ni yóò rí i, wọn yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ mìíràn wà tí ojú kì í rí. Ẹni tí ó ti ogun bọ̀, tàbí tí ọkọ̀ dànù pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí àwọn olè ká mọ́lé pẹ̀lú ìbọn, lè padà sílé láìfara pa, síbẹ̀ kí ìpayà ọjọ́ náà máa bá a gbé fún ọdún púpọ̀. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ àti ìwòsàn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé.

ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀

Àmì mẹ́rin ni a fi ń mọ àrùn yìí. Èkíní, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ a máa padà wá bá ènìyàn lójú àlá, tàbí ní ojúmọmọ, bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀. Èkejì, a máa sá fún ibi gbogbo àti ọ̀rọ̀ gbogbo tí ó lè rán an létí. Ẹ̀kẹta, inú rẹ̀ kì í dùn sí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. A máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, a sì máa yẹra fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ara rẹ̀ kì í balẹ̀: bí ilẹ̀kùn bá dún, a ta gìrì, oorun rẹ̀ kì í jinlẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì máa ń yá. Àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú nǹkan báyìí máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ewu, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju oṣù kan lọ, tí kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́ rẹ̀, àrùn ni. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìwà ojo.

OHUN TÍ OGUN FI KỌ́ AYÉ

Nígbà ogun ńlá ọdún 1914 sí 1918, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni àrùn yìí mú. Àwọn mìíràn ya odi, àwọn mìíràn ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣègùn rò pé ariwo ìbọn àgbá ni ó mi ọpọlọ wọn. Àwọn ọ̀gá ogun pe àwọn kan ní ojo, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn tí wọ́n sá lójú ogun. Ọdún 2006 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dárí ji 306 nínú àwọn tí a pa náà.

Ní ọdún 1916, a ṣí ilé ìwòsàn kan fún àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ní Craiglockhart, lẹ́bàá ìlú Edinburgh. Oníṣègùn kan tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Dókítà W. H. R. Rivers. Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń fún aláìsàn nígbà náà ni pé kí ó gbàgbé ohun tí ó rí. Rivers rí i pé ìmọ̀ràn náà ń pa wọ́n lára. Nínú ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ fún àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1917, ó ròyìn ọ̀gá ọmọ ogun kan tí ó jáde lọ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá òkú rẹ̀ níbi tí ìbọn àgbá ti fà á ya, orí lọ́tọ̀, apá àti ẹsẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rí òkú yìí lójú àlá, ẹ̀rù oorun sì ń bà á. Ní ọ̀sán, yóò ti ìrántí náà sẹ́yìn; ní òru, yóò tún padà.

Rivers kò sọ fún un pé kí ó gbàgbé. Ó bá a rò ó pé ara tí ó bàjẹ́ tó báyìí jẹ́ ẹ̀rí pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, kò sì jẹ ìrora ọjọ́ pípẹ́. Ojú ọkùnrin náà túká. Lẹ́yìn òru mélòó kan tí kò lá àlá, ó rí òkú náà lójú àlá, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń kó àwọn ohun ìní rẹ̀ jọ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni ó bá jí, kì í ṣe ìpayà. Lẹ́yìn èyí, ó tún lá àlá pé òun àti ọ̀rẹ́ òun jọ sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ọ̀nà yìí ràn lọ́wọ́. Rivers fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí kò sí ìtùnú kankan nínú ohun tí ó rí. Ohun tí Rivers gbà á nímọ̀ràn ni pé kí ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, kí ó lọ máa gbé ní ìgbèríko.

ÌWÒSÀN LÓDE ÒNÍ

Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fún àrùn yìí ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Oníṣègùn kì í fi ipá mú aláìsàn sọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn náà fún un, yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń mú ara balẹ̀. Lẹ́yìn náà, aláìsàn yóò máa sọ ìtàn ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí ìrántí náà yóò fi di ohun tí ó ti kọjá. Wọn yóò yẹ ẹ̀bi tí ó ń dá ara rẹ̀ wò, bóyá òótọ́ ni. Yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibi tí kò léwu tí ó ti ń sá fún. Irú ìtọ́jú báyìí sábà máa ń gba nǹkan bí ìjókòó mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oògùn tún wà tí dókítà lè fún àwọn mìíràn.

IṢẸ́ ARÁ ILÉ

Ẹ má ṣe fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì ṣe dè é mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ọtí pa ìrònú rẹ́, nítorí ọtí a máa dá kún àrùn náà ni. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Bí ó bá sọ pé òun yóò pa ara òun, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn Àró wà ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, láti ọdún 1954, ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti fi hàn pé aláìsàn ọkàn lè máa gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí ó máa gba ìtọ́jú, kí ara rẹ̀ sì yá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ àrùn yìí?
2. Kí ni ó dé tí ìmọ̀ràn pé "gbàgbé rẹ̀" kò ran ọ̀gá ọmọ ogun náà lọ́wọ́?
3. Bí ará ilé yín kan bá ń kígbe lójú oorun lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀, kí ni ẹ óò ṣe?