Mímú egungun àgbọ̀n fẹ̀ sí i kí a tó gbin eyín

Ẹnu máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ gbin eyín tuntun nígbà tí oníṣègùn eyín bá sọ fún wọn pé egungun àgbọ̀n wọn ti tín-ín-rín jù. Kí ló fà á?

Gbòǹgbò eyín ló ń mú kí egungun tó yí i ká dúró. Bí eyín bá ti kúrò, egungun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé láàrin oṣù 12, nǹkan bí ìdajì ìbú egungun ibẹ̀ ló ń lọ, pàápàá jù lọ láàrin oṣù 3 àkọ́kọ́.

Irin titanium kékeré tí wọ́n ń rì sínú egungun ni eyín gbígbìn dúró lé. Bí irin náà bá fẹ̀ tó mìlímítà 4, ó yẹ kí egungun tó nípọn tó mìlímítà 1, ó kéré tán, wà ní ìhà méjèèjì rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń gbà:

1. Líla egungun. Wọn yóò la orí egungun sí méjì, wọn yóò sì rọra fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 3 tẹ́lẹ̀, kí egungun rírọ̀ sì wà láàrin rẹ̀. Ó rọrùn ní àgbọ̀n òkè. Ti ìsàlẹ̀ le, ó sì lè ṣẹ́.

2. Lílo lẹ́búlẹ́bú egungun, tí wọn yóò fi awọ tín-ín-rín bò.

3. Gígé egungun láti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tàbí ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀, tí wọn yóò dè mọ́ ibi tó tín-ín-rín.

Nínú ọ̀nà kejì àti ìkẹta, ó lè gbà tó oṣù 4 sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí egungun tó jiná. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n lè gbin eyín lọ́jọ́ kan náà nígbà mìíràn.

Iṣẹ́ abẹ yìí ní ewu tirẹ̀: ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ sì lè kú tipiri bí iṣan ìmọ̀lára bá fara pa. Sìgá mímu àti àtọ̀gbẹ tí a kò kápá kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jiná. Ẹni tó bá ń lo oògùn fún egungun tó ń rọ gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣègùn rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín yín, ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n lè dáàbò bo egungun ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn lè dín iṣẹ́ abẹ ọjọ́ iwájú kù.