Ògiri Tó Lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Níbi tí ìjà ẹbí bá ti ṣẹlẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí, ẹni tó tú àṣírí ilé fún ará ìta la sì máa ń fi bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á, ògiri ló ń wò, aláǹgbá ló sì rí. Ó rí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òṣogbo àti Iléṣà ń wò tí a kò rí: pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó là lára ògiri kọ́ ni ẹjọ́, ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé ni. Ihò ìṣó tó ń jò lórí pààńù kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì ṣì ṣeé jókòó lé. Nítorí pé wọ́n kéré lójú, a máa ń fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá dé tàbí tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Mo gbà pé òṣùwọ̀n wa ni kò tọ́. Bí nǹkan kan bá yẹ̀ nínú ilé, kí a má bèèrè bó ṣe tóbi tó; ohun tó lè bá ibẹ̀ wọlé ni kí a bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi òjò ṣírò rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè Òṣogbo lọ́dún kan máa ń lé ní mìlímítà 1,200. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ohun tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, yóò gba lítà 120,000 lọ́dún, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó jẹ́ 4,800. Bó bá ṣe kẹ́ẹ̀gì kan péré nínú igba ló bá ihò ìṣó wọlé, kẹ́ẹ̀gì 24 ti dà sórí àjà kí ọdún tó yí po. Igi òrùlé ló ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀, igi tó bá sì tutù ni ikán fẹ́ràn jù. Ní ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, irú èyí tó pọ̀ ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní ìlú méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Omi á gba ibi tí sìmẹ́ńtì ti là wọnú, amọ̀ inú á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ògiri á gbẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ilé oníkankéré náà kò bọ́: irin inú rẹ̀ tí omi bá ti kàn á dógùn-ún, ìpẹtà yẹn á wú ju irin tó ti wá lọ, á sì fọ́ sìmẹ́ńtì láti inú wá.

Ẹ̀rí kan wà nítòsí tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ikán ti ń jẹ àwọn ojúbọ ibẹ̀. Àtúnṣe ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni wọ́n sì jọ ṣe é. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọ̀kan lára wọn, kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Inú àtúnṣe yẹn ni àwọn ère ńlá tí gbogbo ayé ń wá wò ti jáde, tí UNESCO fi kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Síbẹ̀, ìwé UNESCO kò lè dí ojú sìmẹ́ńtì tó là. Àdùnní kú ní ọdún 2009, àtúnṣe kò sì tán, nítorí òjò kò dá ère mọ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Ẹni tó bá ń sọ pé kí ni àǹfààní àtúnṣe nígbà tí yóò tún bàjẹ́, kí ó lọ wo ibẹ̀. Títún un ṣe léraléra ló jẹ́ kí a ṣì rí i.

“Owó dà?” ni ọ̀pọ̀ yóò bi mí, n kò sì ní fojú kéré ìbéèrè náà, torí iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì àti pààńù lónìí ń ba ènìyàn lẹ́rù. Àmọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kó mọ èsì rẹ̀ jù. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tó ti Ìjẹ̀ṣà jáde, àwìn ni wọ́n ń tà káàkiri. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ẹni tó fi òní dọ́la lórí ihò òrùlé kò tíì fi owó pamọ́, àwìn ló rà lọ́wọ́ ilé. Ìyàtọ̀ kan ni pé iye tí Òṣómàáló dá lé aṣọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni yóò gbà, ṣùgbọ́n gbèsè ilé ń lé sí i lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí owó tí kò tó fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dà inú yàrá tó ṣí lè dúró, tábìlì tí ojú rẹ̀ ha lè dúró, kò sí ohun tí wọ́n ń pè wọlé. Ihò òrùlé kò lè dúró. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dúdú tó sì ń gbóná kò lè dúró rárá, torí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn nítorí ọdún, tí àbàwọ́n omi sì tún yọ lára ògiri kan náà kí òjò kejì tó rọ̀. Àga pàápàá ní òfin tirẹ̀. Bí oríkèé rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú, gọ́ọ̀mù díẹ̀ àti okùn tí a fi dì í pinpin mọ́jú ti tó o. Bí a bá ń jókòó lé e bẹ́ẹ̀, gbogbo ìjókòó ló ń fẹ ihò náà, títí ahọ́n igi tó wọnú rẹ̀ yóò fi kán, tí káfíńtà yóò ní ẹsẹ̀ tuntun ló kù. Èyí tó sì burú jù ni ìṣó tí a máa ń kàn mọ́ ọn pẹ̀lú ìkánjú. Igi yẹn á là.

Wọ́n tún máa ń sọ pé oníṣẹ́ ọwọ́ kì í wá bí a bá pè é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ro tirẹ̀ náà: ta ni yóò ru irinṣẹ́ láti Òkè-Fíà ní Òṣogbo nítorí ìṣó mẹ́ta? Àwọn bàbá wa ní àáró àti ọ̀wẹ̀. Bí ilé mẹ́rin ládùúgbò kan bá kó iṣẹ́ wẹ́wẹ́ wọn jọ sí ọjọ́ kan, ó ti di owó iṣẹ́ òòjọ́, káfíńtà yóò sì tètè dé.

Ilé ẹbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Iléṣà kún fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá fi owó òwò kọ́, tí àwọn ọmọ wà ní Èkó, Ìbàdàn àti London. Ilé gbogbo wa ni, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wo òrùlé rẹ̀. Bí ìsìnkú bá dé, owó ọ̀dà á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó ìṣó pààńù kì í yọ. Ọ̀nà mìíràn wà: ní Netherlands, láti ọdún 1973 ni àwọn ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Monumentenwacht ti ń gun òrùlé ilé àtijọ́ lóòrèkóòrè, tí irinṣẹ́ máa ń wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lè tún ohun kékeré ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹbí kan lè ṣe irú rẹ̀ láìsí ìjọba. Ní ìparí ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá wálé fún Kérésìmesì àti ọdún Ìwúdé, kí wọ́n yan ẹnì kan ṣoṣo ní orúkọ, kí wọ́n dá owó díẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí wọ́n má retí pé gbogbo ẹbí ni yóò ṣe é. Kí àkàbà jáde ní oṣù Kejì, kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí káfíńtà gòkè, kí ẹlòmíràn wà nínú òkùnkùn àjà lọ́sàn-án gangan, kó máa nahùn sókè sí i níbikíbi tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó yọjú lára pààńù.